Dádì Ti Gbà

Ọsàn mẹ́rin ni ìyàwó mi bó fún mi lọ́jọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ó gé orí wọn, ó tò wọ́n sínú abọ́, ó gbé wọn sórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi ní fàráńdà, ó wá jókòó tì mí. A ti fẹ́ra wa fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo mọ ìdí tó fi máa ń bó ọsàn fún mi.

"Kí ni ọmọ rẹ tún fẹ́?" ni mo bi í.

"Ṣé èèyàn ò lè bó ọsàn fún ọkọ ẹ̀ mọ́ ni?"

"Mo ní kí ló fẹ́?"

"Ẹ jẹ ọsàn ná, Píríńsípà. Tí ẹnu yín bá ti dùn, a ó sọ ọ́."

Mo ti jẹ méjì, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà tó bàjẹ́. Ọkùnrin náà kì í sọ ọ̀rọ̀ kó tán. Ó sọ ẹni tó yẹ kó lọ bá àwọn oníná, ó sọ ẹni tó padà lọ, ó sọ ohun tí wọ́n sọ fún onítọ̀hún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi fara dà á títí, ó wá dìde. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, òun fẹ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí òun tó dáná. Nígbà tó ń kọjá lẹ́yìn àga mi, ó ní, "Tí mo bá jí, a máa sọ ọ́."

Kò jí. Nọ́ọ̀sì ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń bá ìdajì àwọn àgbàlagbà Bódìjà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Tirẹ̀ nìkan ni kì í rántí yẹ̀ wò. A sin ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní kí á ṣe é. Alága wá síbi ìsìnkú. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ó sì ní ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà yẹn ṣì wà nílẹ̀ o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní yé ènìyàn bí n kò bá kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé wa. Ọmọ mẹ́ta ni a bí. Àwọn ọkùnrin méjì àkọ́kọ́ ti wà lókè òkun. Obìnrin ni àbígbẹ̀yìn, ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, iṣẹ́ ẹnjinníà iná ló ń kọ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi tààrà rí. "Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún Dádì" ni wọ́n máa ń wí. Bí mo bá sì ní èsì, èmi náà á ní, "Sọ fún ọmọ rẹ pé báyìí báyìí." A lè jọ wà nínú pálọ̀ kan náà, ọmọ lórí àga tirẹ̀, èmi lórí àga tèmi, kí ọ̀rọ̀ máa gba ọ̀dọ̀ ìyá wọn kọjá bíi fáìlì. Ọ̀gá ilé ìwé girama ni mo jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo sì ṣe ń ṣe níbẹ̀ náà nìyẹn. N kò rò pé nǹkan kan wà tó burú nínú rẹ̀.

Ìyàwó mi ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó ń ta sí i, ó sì pẹ́ kí n tó já a. Kì í kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Ó máa kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ni pé, "Dádì ti gbà." Ọmọ á máa yọ̀, á máa di ẹrù. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ á wá jókòó tì mí, tí á máa wá ọ̀nà tí n ó fi gba ohun tó ti ní mo gbà. Nígbà tí mo já ọgbọ́n náà, mo bínú gidigidi. Mo ní, "Bí n kò bá wá gbà ńkọ́?"

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ ò gbà rí?"

Mo jókòó, mo ronú sí i. N kò rí ìgbà kankan, ìyẹn sì tún bí mi nínú sí i.

Báyìí ni gbogbo ìrìnàjò ọmọ náà ṣe wáyé. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń fi ìsinmi sùn, tèmi ń gun òkè. Ẹgbẹ́ kan wà ní ilé ìwé wọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n wá ibi tó ga, kí wọ́n gùn ún, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lọ sí Adó-Àwáyé láti lọ wo adágún omi tó wà lórí àpáta, bíi pé omi tó wà nílẹ̀ kò tó wọn. Wọ́n lọ sí Ìdànrè. Ọkọ̀ wọn dákú lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, èmi gbọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tutù tí kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́. Fọ́tò kan tó fi ránṣẹ́ láti orí òkè náà ṣì wà nínú fóònù ìyá rẹ̀: ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà kánfáàsì, tí wọ́n rọ̀ sórí òfìfo, tí òrùlé gbogbo ìlú wà nísàlẹ̀ bíi páálí ìṣáná.

"Ta ló ya fọ́tò yìí?" ni mo béèrè.

"Ó jọ pé òun fúnra ẹ̀ ni."

"Ó fi ọwọ́ mú fóònù. Kí ló wá fi di àpáta mú?"

Ìyàwó mi gba fóònù náà padà. Ó ní ojú mi kò dára tó láti máa wo fọ́tò.

Bí kì í bá ṣe òkè, á jẹ́ síkéètì, bàtà onítáyà tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń yọ̀ lójú títì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti wà lójú ọ̀nà. Mo ń rìn bọ̀ láti ọjà Bódìjà lọ́jọ́ kan nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ọmọbìnrin kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú tí kẹ̀kẹ́ ń wọ́ ọ lọ geere. Mo ń wí lọ́kàn mi pé òbí wo ló bí irú èyí. Ọmọ náà rí mi, ó sáré fa ìborùn rẹ̀ bojú. Ìborùn tí mo fi ọwọ́ ara mi rà fún un fún ọdún Iléyá ni.

Ní ìparí ọdún kẹta yìí, yunifásítì wọn ní kí gbogbo wọn fi oṣù mẹ́ta ìsinmi gígùn ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó bá ohun tí wọ́n ń kọ́ mu. Àìtì ni àwọn ọmọ ń pè é. Mo ní kí wọ́n fi èyí sílẹ̀ fún mi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ lọ ilé ìwé girama, ẹnjinníà ni, ó ní ọ́fíìsì lórí àjà kẹrin ilé kan ní Dùgbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí i, ó gba ọmọ náà lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe bàbá.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ẹnu ìyá rẹ̀.

"Ó ní fótókọ́pì lòun ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́."

"Sọ fún un pé ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ó ní ẹ̀rọ fótókọ́pì náà ti bàjẹ́. Wọ́n ń rán òun sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe é nísàlẹ̀, òun á tún gun àjà mẹ́rin padà."

"Ṣebí ó fẹ́ràn kó máa gun nǹkan."

"Ó ní wọ́n fún àwọn ní ìwé kan tí àwọn gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí àwọn kọ́ lójoojúmọ́ sí. Ó ní kí lòun fẹ́ kọ?"

"Kó kọ pé òun kọ́ sùúrù."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹjọ́ dáwọ́ dúró. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣé o rí i báyìí? Ó ti mọ́ ọn lára." Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ mọ ọmọ tọ́." Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn padà sílé wọn, ó ku èmi àti ọmọ náà. Kò sí nínú àwa méjèèjì ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá èkejì sọ̀rọ̀. A sọ̀rọ̀ iyọ̀. A sọ̀rọ̀ gáàsì tó fẹ́ tán. Ọmọ náà á la ẹnu, á wo ọ̀nà ilé ìdáná, á tún pa ẹnu náà dé. N kò lè bá a wí, nítorí ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń fẹ́ wọlé, mo ní, "Sọ fún ọmọ rẹ kó ti fèrèsé." Ọmọ náà nìkan ló wà nínú yàrá pẹ̀lú mi. Ó dìde, ó ti fèrèsé, ó padà jókòó.

Ó ti ń lọ síbi iṣẹ́ padà nígbà náà. Mo rí i pé kì í wọ bàtà ọ́fíìsì mọ́, bàtà tó nípọn, èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ agbára, ló ń wọ̀. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ti ń mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gidi, inú mi sì dùn pé mo tọ̀nà nípa sùúrù. Ó tún ń dúdú sí i lójoojúmọ́. Mo ní ìbànújẹ́ ni. Mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ gbà á, ó sì ń lò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Akobo. Obìnrin tó ṣe igbákejì mi nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá kí mi kú ọ̀fọ̀, mo sì fẹ́ lọ dúpẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń to sólà sórí òrùlé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, ó ń sọ fún mi bí jẹnẹrétọ̀ ṣe sú òun. Mo gbójú sókè. Èèyàn mẹ́ta ló wà lókè. Ẹni tó wà létí òrùlé jù lọ, tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ páànù tó sì na èkejì síbi tí n kò rí, dé akoto yẹ́lò lé ìborùn dúdú. Ìborùn náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ṣe ló bojú nígbà tó rí mi. Lọ́jọ́ yìí, ó tú ọwọ́ kan sílẹ̀ kúrò lára irin tó dì mú, ó ń jù ú sí mi.

"Dádì! Ẹ káàsán, sà! Ẹ mà kú ìrìn o!"

"Di irin yẹn mú!" ni mo pariwo.

Àwọn ọkùnrin méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Háà, ọmọ yín ni?" Igbákejì mi ti dìde kúrò lórí àga. "Ẹ ò wá sọ fún mi! Ọmọ yẹn mọṣẹ́ o, sà. Òun ló ní ibi tí wọ́n fẹ́ tò ó sí tẹ́lẹ̀, òjìji máńgòrò yìí á máa bò ó tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọkùnrin yẹn ò rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

"Ẹ̀yin náà ẹ ti yí padà o, sà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa ta bọ́ọ̀lù! Bàbá mìíràn ò ní gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gbé ohun mímu wá. N kò lè mu ún. N kò gbé ojú kúrò lórí òrùlé náà títí mo fi dìde.

Nígbà tó dé sílé nírọ̀lẹ́, mo ti ń dúró dè é ní pálọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí n ó ní kó bá mi bi í, nítorí náà mo bi í fúnra mi.

"Ta ló ní kí o máa gun òrùlé?"

Ó wò mí bíi pé n kò gbádùn. "Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?"

"Mọ́mì ní ẹ ti gbà. Mo sọ fún wọn pé mo rí ilé iṣẹ́ sólà kan ní Challenge tó fẹ́ gbà mí, pé kí wọ́n bá mi sọ fún yín, pé màá kú sídìí fótókọ́pì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n máa lọ, Dádì ti gbà." Ó kúnlẹ̀. "Ó ti ń wù mí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, sà. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni. Mọ́mì ló máa ń bá mi dúpẹ́."

Gbogbo rẹ̀ ti yé mi, àti ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ lọ́jọ́ tó bó ọsàn fún mi àti ìdí tí ẹjọ́ fi dáwọ́ dúró. Ó ti fún ọmọ ní "bẹ́ẹ̀ ni" tèmi, kò sì ráàyè gbà á lọ́wọ́ mi. Ká ní ó bi mí nígbà tó yẹ, n kò ní gbà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin lórí òrùlé! Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ níbẹ̀ pé n kò gbà nǹkan kan, ohun tí mo ń sọ fún ọmọ náà ni pé irọ́ ni ìyá rẹ̀ pa fún un kó tó kú. Inú bí mi débi pé eyín mi ń ro mí. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

"Lọ wẹ̀," ni mo wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Dádì, ẹ má bínú, sà. Ó ku nǹkan kan."

Nǹkan kan náà nìyí. Nínú ìwé yunifásítì, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Dùgbẹ̀ ló ṣì wà. Àwọn olùkọ́ tó ń lọ bẹ àwọn ọmọ wò níbi iṣẹ́ yóò dé ibẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọn kò bá bá a níbẹ̀, tí kò sì sí lẹ́tà láti Dùgbẹ̀ pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, àti fọ́ọ̀mù tí òbí fọwọ́ sí pé òun fara mọ́ ìyípadà náà, àìtì náà ti já sófo. Yóò tún un ṣe ní ọdún tó ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì jáde fi í sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò ti gba lẹ́tà náà?"

"Mọ́mì ní àwọn máa bá Bàbá Dùgbẹ̀ sọ ọ́."

"Ṣé ó bá wọn sọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo rò pé ẹ̀yin mọ̀."

Mo gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e kiri inú ilé láìfọwọ́ sí i. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, ó ní, "Fóònù kọ́. Wá," ó sì pa á.

Ohun tó le lójú mi ni ẹ̀bẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sẹ́yìn tábìlì, èmi ni àwọn òbí ń wá bẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí ẹni mọ ìwé sórí. Wọn kì í dá wá. Wọ́n á mú ẹnì kan dání, ẹni tí á máa wí pé "ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fojú fò ó" nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu wọn. Nínú ilé wa, ìyàwó mi ni ẹni yẹn. Bí mo bá ṣẹ ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ń lọ. Bí mo bá bá onílé ẹ̀gbẹ́ wa jà nítorí ojú àgbàrá, òun ló ń lọ. N kò tilẹ̀ mọ ohun tó máa ń sọ tó bá débẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí Dùgbẹ̀, èmi nìkan. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè kò ṣiṣẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ gun àjà mẹ́rin, mo ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ronú ọmọ tó gbé fótókọ́pì gun ibẹ̀ tí mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí mọ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

"Wò ó! Ta ni mò ń rí yìí? Píríńsípà fúnra ẹ!" Kò dìde. "Jókòó kí o tó ṣubú lé mi lọ́wọ́. Láti ìgbà wo ni mo ti ń retí ẹ."

"O ń retí mi?"

"Àlhájà ò sọ fún ẹ ni? Ó wá síbí. Orí àga tí o wà yẹn ló jókòó sí. Ó ní ọmọ ti lọ sí Challenge, pé kí n má bínú, pé ìwọ lo gbà á láyè, àti pé ìwọ fúnra ẹ ń bọ̀ wá bẹ̀ mí."

"Ó ní mò ń bọ̀ wá bẹ̀ ọ́?"

"Mo ní, 'Àlhájà, ọkọ yín kẹ̀? Ọkùnrin tó jẹ́ pé ní fọ́ọ̀mù kẹta nílé ìwé, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀, òun nìkan ló ní kí wọ́n kúkú na òun?' Ó ní, 'Ó ń bọ̀.' Mo ní tó bá wá, màá fún un ní lẹ́tà. Tí kò bá wá, kí ọmọ máa bá sólà lọ. Ibi tí èmi àti ẹ̀ parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń bínú sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ nìkan ló ṣèlérí mi fún. Ó ti fi orúkọ mi ṣèlérí káàkiri Ìbàdàn.

"O wá síbi ìsìnkú," ni mo wí. "O ò sọ ọ́."

"Ṣé ibi ìsìnkú ni wọ́n ti ń gba ẹ̀bẹ̀? Ó yá. Etí mi là."

Mo jókòó gún régé. "Nípa ọ̀rọ̀ ọmọ mi, tó ń ṣe àìtì ní ilé iṣẹ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi yìí—"

"Lẹ́tà lò ń kà fún mi ni?"

Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e lé orúnkún.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," ni mo wí.

"Nítorí kí ni?"

"Ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ láìdágbére. Kò dára. Má bínú."

"Ta ló ní kó kúrò?"

Mo wo ilẹ̀. "Èmi ni."

Ó wò mí títí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Dé fìlà ẹ," ni ó wí. "Orí ẹ ti pá ju tèmi lọ, mi ò lè máa wò ó. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ ṣẹ̀ mí. Ó to fáìlì mi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọ́fíìsì yìí. Ìwọ ni mo fẹ́ rí."

Ó ní kí akọ̀wé rẹ̀ tẹ lẹ́tà náà. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo yọ fọ́ọ̀mù kúrò nínú àpò mi, mo fọwọ́ sí i. Àyè wà fún ọjọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi nawọ́ lé e.

"Ọjọ́ tó kúrò níbí ni kí o kọ. Tí o bá kọ tòní, wọ́n á ní gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe ní Challenge ò sí lábẹ́ àṣẹ òbí."

"N kò gbà lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ìwọ lo—"

"Òní ni mo gbà."

Ọ̀rẹ́ mi fara ti àga rẹ̀, ó ń mi orí. "Àlhájà!" ni ó wí. "Àlhájà!" Ó fi ọwọ́ bo ojú, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín. Mo kọ ọjọ́ òní sí fọ́ọ̀mù náà.

Mo gbé ìwé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì àìtì ní yunifásítì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì kà wọ́n, ó tún kà wọ́n, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ kọ yìí ńkọ́? Ọmọ yín ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn?"

"N kò mọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí. Mo fara mọ́ ọn."

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nínú. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ní wọ́n ti gbà á, Challenge ni àwọn olùkọ́ máa lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì kún iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá ti parí, nítorí àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò sí àṣẹ. Mo ní ó dáa. Ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó fún mi ní ẹ̀dà kan.

Mo jáde sí ẹ̀gbẹ́ Àgbowó. N kò lè dúró di ìrọ̀lẹ́ kí n tó sọ fún un, mo sì yọ fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé nọ́ńbà ọmọ mi kò sí nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń pè é, tí á gbé fóònù sí mi létí. Mo wo ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ mi, mo tẹ nọ́ńbà tó kọ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Dádì?" Ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n kí n tó sọ nǹkan. "Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti gba ìwé rẹ. Challenge ni wọ́n ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kún un."

Mo ń gbọ́ ariwo òòlù lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré?"

"Méjì péré. Mo mọ̀ pé inú rẹ á dùn. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Nígbà tó pa fóònù, mo gbìyànjú láti fi nọ́ńbà náà pamọ́. Mo kọ́kọ́ ṣèèṣì pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù, mo fi orúkọ rẹ̀ sí i, mo wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè dúró, mo sì rí i. Oníkẹ̀kẹ́ méjì ti fun fèrè lé mi lórí pé kí n kúrò lójú ọ̀nà kí n tó ṣe é tán.